Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Kétu: Láti Orí Ọfà Dé Orí Ìbọn Tó Ń Kì Ara Rẹ̀

 

Lónìí, ìtàn ìbọn ni mo fẹ́ kí a jọ kà. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ nìkan ni. Ìyàwó ọdẹ ló ń ta ẹran ìgbẹ́. Ọmọ ọdẹ ló ń sùn sí yàrá tí ìbọn wà. Bí ìbọn bá ṣe ọdẹ léṣe, gbogbo ilé ló ń sunkún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Idigny, ìbọn bàbá mi máa ń wà ní ara ògiri, lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ṣakabùlà ni. Ó gùn jù mí lọ nígbà náà. Lónìí, àwọn ọdẹ kan wà ní àgbègbè wa tí ìbọn wọn lè yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún kí bàbá mi tó kì ti rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? Kí ni ìbọn tuntun ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tí ìbọn àtijọ́ kò béèrè? Ìyẹn ni a fẹ́ mọ̀.

Ọdẹ ló mọ ọ̀nà Kétu

Àwọn àgbà sọ fún wa pé ọdẹ ló fi ọ̀nà Kétu han ọba. Nígbà tí Ọba Ede kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Aro, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alalumon ló ṣíwájú wọn. Ó ti ń dẹ igbó náà tipẹ́tipẹ́. Ó mọ inú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe mọ inú ilé ara rẹ̀. Òun ló mú wọn dé ibi tí ìlú Kétu wà títí di òní.

Ìbọn kò sí lọ́wọ́ ọdẹ nígbà náà. Ọrun àti ọfà ni. Ẹ wo Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e lọ́kàn lọ. Títí di òní, ní Bahia, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é. Ọrun àti ọfà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìbọn. Àwọn tó ti kúrò nílé tipẹ́ ni wọ́n bá wa tọ́jú ìrántí náà.

Ọfà kì í pariwo. Ṣùgbọ́n kò lè lọ jìnnà. Ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ ẹran, kí ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó sì lè sún mọ́ ẹran láìjẹ́ kí ewé dún.

Ṣakabùlà dé

Àwọn oníṣòwò òyìnbó ló gbé ìbọn dé etí òkun. Wọ́n fi ìbọn, ẹ̀tù, ọtí àti aṣọ ra ènìyàn. Nígbà tí òwò ẹrú tán, wọ́n fi ra epo pupa àti ẹ̀kùrọ́. Ìlú méjì ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìbọn òwò náà: Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Liège ní ilẹ̀ Belgium. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Liège. A ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá mi ṣe ń kì ṣakabùlà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò rí i rí. Ó máa ń gbé ìdí ìbọn sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wà lókè. Á da ẹ̀tù sí i láti inú àdó. Á fi àkísà tàbí okùn ọ̀pẹ dí i, á fi ọ̀pá gún un kí ó le. Á da òjé wẹ́wẹ́ sí i, á tún fi nǹkan dí i. Lẹ́yìn náà, á gbé ìbọn dùbúlẹ̀, á da ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkúta ìbọn yóò ti ṣá iná. Ìgbà yẹn ló tó lè wá ẹran lọ. Bí òjò bá pa ẹ̀tù náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ó bá yìn ín tí kò bá ẹran, ẹran ti lọ. Kò sí ọta kejì. Nítorí náà, bàbá mi kì í yìn láìrí ẹran dáadáa. Ó máa ń sọ fún mi pé: «Ẹni tó ní ọta kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ ni ìbọn rẹ̀.»

Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ wa lè tún un ṣe. Igi rẹ̀ ṣẹ́? A gbẹ́ òmíràn. Rẹ̀sọ́ rẹ̀ rọ̀? Alágbẹ̀dẹ á rọ òmíràn. Ìbọn òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ àti etí tó gbọ́ ẹ̀kọ́ bàbá ti tó fún un. Kò sí ìwé kankan tí a gbọ́dọ̀ kà kí a tó lò ó.

Ìdí tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ wa

Ṣé ẹ rò pé àwọn baba wa kò fẹ́ ìbọn tó dára jù? Rárá. Wọ́n fẹ́. Àwọn òyìnbó ni wọn kò gbà.

Ẹ rántí pé ní ọdún 1886, ogun Dahomey fọ́ Kétu, nígbà Ọba Glélé. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey. Lẹ́yìn Glélé, ọmọ rẹ̀ Béhanzin jọba. Béhanzin ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ìbọn tí a ń kì láti ìdí, tí ó sì yára. Ó fi bá àwọn Faransé jà. Ogun náà le gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn Faransé wọ Abomey. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Kétu tó ṣẹ́kù padà wálé láti tún ìlú wọn kọ́.

Ṣùgbọ́n kí Abomey tó ṣubú, ní ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè òyìnbó ti pàdé ní Brussels, ní Belgium. Wọ́n ṣe ìwé àdéhùn láti fi òpin sí òwò ẹrú. Nínú ìwé kan náà, wọ́n sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta ìbọn tuntun fún àwọn ènìyàn tó wà ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta nìkan, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n lè tà fún wa. Ní òde, wọ́n ní nítorí ogun ẹrú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ kì í fẹ́ kí onílẹ̀ ní ìbọn tó dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀.

Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kétu àti Idigny bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Mẹ̀kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdẹ tó ń tọ ẹsẹ̀ ẹran kò rí ààlà kankan nínú igbó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìbọn tó bá ré ààlà kọjá ti di ọ̀rọ̀ ìjọba.

Ìbọn oníkàtúùṣì, àti ìtumọ̀ 12

Nígbà tó yá, ìbọn oníkàtúùṣì bẹ̀rẹ̀ sí dé. Kàtúùṣì ni ọta tí wọ́n ti di ẹ̀tù àti òjé rẹ̀ pọ̀ sínú páálí tàbí ike, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin pupa. Ẹ ò da ẹ̀tù mọ́. Ẹ ó ṣẹ́ ìbọn ní ọrùn, ẹ ó ti kàtúùṣì bọ ìdí rẹ̀, ẹ ó pa á dé. Òjò kò lè ba ẹ̀tù jẹ́ bí ti àtijọ́.

Àwọn kan jẹ́ ẹlẹ́nu kan, àwọn kan jẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀pọ̀ wá láti Saint-Étienne, ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Manufrance ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n pè ní Robust, ní ọdún 1913.

Ibí yìí ni nọ́ńbà ti wọ ọ̀rọ̀ ìbọn. Gbogbo ọdẹ ló ń sọ pé «kàlíbù 12». Kí ni ìtumọ̀ 12 náà? Ẹ gbọ́. Ẹ mú òjé tó wọn líbà Gẹ̀ẹ́sì kan, ìyẹn bíi gíráàmù 454. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12 tó dọ́gba. Ẹ fi ìdá kọ̀ọ̀kan mọ bọ́ọ̀lù róbótó. Bọ́ọ̀lù kan á ba ẹnu ìbọn kàlíbù 12 mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 20, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á kéré. Ìyẹn ni kàlíbù 20.

Ẹ rí i pé níbí, nọ́ńbà tó pọ̀ ni ìbọn tó kéré. 20 kéré sí 12! Ẹni tí kò bá kọ́ èyí, kò lè fi ọgbọ́n orí nìkan mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà kejì wà: gígùn ilé kàtúùṣì nínú ìbọn. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, 65 ni wọ́n kọ, ìyẹn mìlímítà 65. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn tuntun, 70 ni. Òmíràn jẹ́ 76. Bí ẹ bá fi kàtúùṣì 70 sínú ìbọn 65, ó lè wọlé láìsí wàhálà. Ìdí nìyí tí ó fi léwu. Nọ́ńbà náà jẹ́ gígùn kàtúùṣì lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín tí ẹnu rẹ̀ ti là. Ní ilé tó kúrú, ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè là dáadáa. Agbára iná á wá ga jù nínú ìbọn náà.

Ní ọdún 1961, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ìjọba wa fúnra rẹ̀ ṣe òfin lórí níní ìbọn òde òní àti ọta rẹ̀. Ìbọn tuntun béèrè ìwé àṣẹ. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ní ìwé tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìbọn tó ń kì ara rẹ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Liège.

Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ John Browning. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni bàbá rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1898, ó ronú ìbọn ọdẹ kan tí yóò máa kì ara rẹ̀. Òun àti ilé iṣẹ́ Winchester kò rẹ́ lórí owó. Ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ Remington. Bí ó ti ń dúró láti rí ọ̀gá ibẹ̀ ní ọdún 1902, ọ̀gá náà kú lójijì. Browning wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Belgium. Ilé iṣẹ́ FN gbà á, ní Herstal, lẹ́bàá Liège. Àgbègbè kan náà tó ṣe ṣakabùlà fún wa ló wá ṣe ìbọn yìí. Wọ́n pè é ní Auto-5, nítorí ọta 5 ni ó ń gbà. Wọ́n ṣe é títí di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ẹ lè dá a mọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí iké. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ìtàn iké àti ìlú wa, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ mọ̀ pé bí a bá yìn ìbọn, ó máa ń ti èjìká wa sẹ́yìn. Browning ní kí agbára náà má ṣòfò. Nínú Auto-5, ẹnu ìbọn àti ìdérí ìdí rẹ̀ á jọ fà sẹ́yìn. Kàtúùṣì òfìfo á fò síta. Rẹ̀sọ́ á ti gbogbo rẹ̀ padà síwájú, kàtúùṣì tuntun á sì wọlé. Ọdẹ kò ṣe nǹkan kan ju pé ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún fà á, ó tún dún. Ní òde òní, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń lo èéfín ẹ̀tù láti fi ti irin inú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Bí bàbá mi bá ti yìn ṣakabùlà, ìbọn di igi lásán. Ó lè sáré lọ bá ẹran, ó lè ṣubú, kò séwu. Ìbọn tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bímọ tán, ó tún lóyún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sáré lẹ́yìn tó ti yìn ín, ikú ló gbé dání. Ẹ ti ohun ìdènà rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Kí ẹ tó wọ ilé, ẹ kó gbogbo ọta inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì yọjú wo ilé kàtúùṣì. Ẹ má kàn kà á lọ́kàn pé ó ti tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ náà tún yàtọ̀. Nínú Auto-5, lábẹ́ igi tí ọwọ́ òsì ń dì mú, òrùka irin kan wà. Bí ẹ bá fẹ́ yìn ọta tó le, òrùka náà gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀sọ́, kí ó lè dín agbára kù. Bí ọta bá fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó fi í sí ẹ̀yìn rẹ̀sọ́. Bí ẹ bá ṣì í, tí ọta tó le bá dé, irin á máa gbá irin, igi ìbọn á sì fọ́. Bí ẹ bá ṣì í ní ọ̀nà kejì, ìbọn kò ní kì ara rẹ̀. Ìwé tó bá ìbọn wá ló ṣàlàyé èyí. Mo bọ̀wọ̀ fún alágbẹ̀dẹ wa. Ó lè gbẹ́ igi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ayùn ha irin inú rẹ̀, kí ó má sì fi ẹ̀yà ara ìbọn kan sínú òmíràn nítorí pé wọ́n jọra.

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa

Bàbá ọdẹ kan wà ní àdúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdẹ gidi ni. Ó mọ igbó ju gbogbo wa lọ. Ó ra ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, àlòkù ni. Ó ra kàtúùṣì ní ọjà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí páálí rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ọ̀yà. Ó ti kàtúùṣì kan bọ ìbọn, ó fà á, kò dún. Ó rò pé òun kò tíì kì í ni. Ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, ó fà á. Ìbọn náà bẹ́. Ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Kàtúùṣì àkọ́kọ́ jẹ́ 20. Ìbọn rẹ̀ jẹ́ 12. Kàtúùṣì kékeré náà ti yọ̀ wọ inú ìbọn, ó há sínú ẹnu rẹ̀. Kàtúùṣì 12 wá wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dún, kò rí ọ̀nà jáde. Nítorí ewu yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe kàtúùṣì 20. Ṣùgbọ́n lóru, ta ló ń wo àwọ̀?

Nọ́ńbà náà wà lára irin ìdí kàtúùṣì. Ó wà lára ìbọn pẹ̀lú. Bàbá náà ti rí i nígbà púpọ̀, ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ san, ó wá sí kíláàsì wa. Ó jókòó sẹ́yìn. Mo bi í pé: «Bàbá, kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kọ́?» Ó ní: «Kọ 12 fún mi. Lẹ́yìn náà, kọ 20.» Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo kọ méjèèjì sí ojú pátákó. Ó fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù tọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹran kò pọ̀ mọ́

Ọ̀rọ̀ kan kù. Nígbà èwe mi, ìgalà àti ẹtu kò jìnnà sí oko wa. Lónìí, ọdẹ lè rìn mọ́jú kí ó má rí ju òkété kan lọ. Oko ti gba ilẹ̀, iná ìgbẹ́ ń jó, ènìyàn ti pọ̀. Ìbọn tó yára náà sì lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣe ìbọn náà ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Browning fúnra rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ igbó bẹ̀rẹ̀ sí tán. Ní ọdún 1935, ìjọba wọn pàṣẹ pé ẹni tó bá ń dẹ àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo ìbọn tó gba ju ọta 3 lọ. Wọ́n fi igi kékeré dí ilé ọta, kí 5 lè di 3. Ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú, ọta 3 ni òfin gbà fún ọdẹ tó ní irú ìbọn yìí. Àwọn tó ṣe ìbọn tó yára ló tún fi igi dí i lẹ́nu! Bí ẹ bá rí igi náà nínú ìbọn yín, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, òfin ẹran ìgbẹ́ wà láti ọdún 1987. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2004. Ó sọ àwọn ẹran tí a kò gbọ́dọ̀ pa rárá. Ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn ní Abuja pé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ṣàkóso ìbọn tó wà lọ́wọ́ ará ìlú. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìbọn, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ irú ìbọn tí òfin gbà àti ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ ní. Ẹ má gbé ìbọn ré ààlà kọjá láìsí ìwé, bí ẹni tó tà á bá tiẹ̀ jẹ́ àna yín.

Ohun tí a rí kọ́

Ọfà béèrè ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ṣakabùlà béèrè sùúrù. Ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ béèrè méjèèjì, ó sì tún béèrè ojú tó lè kàwé. Bí ìbọn ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ gbọ́dọ̀ máa rọra sí i.

Bí ìbọn bá wà nílé yín, ẹ fi ìwé yìí ṣe iṣẹ́ lónìí. Ẹ kó ọta inú rẹ̀ jáde. Ẹ wá nọ́ńbà kàlíbù lára rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gígùn ilé kàtúùṣì, bóyá 65, 70 tàbí 76, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ìdí kàtúùṣì yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan kò bá bá ara wọn mu, ẹ má lò ó. Ẹ ka ìwé àṣẹ yín fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni ti ara ìbọn.

Ẹ̀yin ìyá, bí bàbá ilé kò bá mọ̀wé, ẹ bá a kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bàbá ọdẹ àdúgbò wa ti ń ka ohun tó wà lára kàtúùṣì fún àwọn ọ̀dọ́ báyìí. Ìka rẹ̀ kò hù padà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti là.

Kí Ògún má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa wẹ̀ o. Ó dàbọ̀.